Ohun Tí Lítà Kan Lè Gbé

Ìwé ìkọ̀wé kékeré kan wà nínú ọkọ̀ mi, nínú àpótí tó wà níwájú ẹni tó bá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ awakọ̀, èyí tí gbogbo wa ń pè ní píjìn-hóòlù. Ẹ̀yìn ìwé náà ti ya, ọ́ìlì ti ta sí i lára, ṣùgbọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà ọdún 2023, kò sí lítà bẹntiróòlù kan tó wọ inú Corolla mi tí n kò kọ sínú rẹ̀: ọjọ́ tí mo rà á, iye tí wọ́n ń ta lítà kan, iye lítà tí mo gbà, àti iye kìlómítà tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù lásìkò náà. Olùkọ́ ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan nílùú Ìbàdàn. Apáta ni mo ń gbé, apá Ìwó Road ni mo ti ń ṣiṣẹ́, bí mo bá sì ro àlọ àti àbọ̀ pọ̀ mọ́ ọjà àti ilé ìjọsìn, ọkọ̀ mi ń rin nǹkan bí 240 kìlómítà lọ́sẹ̀. Ohun tí ìwé yìí kọ́ mi ni mo fẹ́ sọ, nítorí pé púpọ̀ nínú rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá sí ohun tí mo ti gbà gbọ́ láti ọjọ́ tí mo ti ń wakọ̀.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ọjọ́ tí wọ́n búra fún Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú, ló sọ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ pé owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń san lórí epo ti dópin. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ìlà ọkọ̀ ti gùn dé ojú títì, ọ̀pọ̀ ilé epo sì ti gbégi dí ẹnu ọ̀nà wọn. Ní ọjọ́ 31, iléeṣẹ́ NNPC gbé iye tuntun jáde: ₦488 l'Ékòó, ₦557 ní Maiduguri, àwọn ìlú tó kù sì wà láàárín méjèèjì. Nǹkan bí ₦500 ni wọ́n ta tèmi fún mi n'Ìbàdàn. Epo 30 lítà tí mo máa ń rà lọ́sẹ̀, tí kì í gbà ju ₦5,550 lọ nígbà tí lítà kan jẹ́ ₦185, di ₦15,000 láàárín ọjọ́ mélòó kan. Mo jókòó sínú ọkọ̀ lẹ́yìn tí mo sanwó tán, n kò ṣíná sí i, mo kàn ń wo ọwọ́ mi. Ẹni tó wà lẹ́yìn mi fọn fèrè títí kí n tó rántí pé mo dí ọ̀nà. Ọjọ́ yẹn ni mo ra ìwé náà lọ́wọ́ ọmọdé kan tó ń kiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

Kì í ṣe pé a kò tíì rí irú rẹ̀ rí. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2012, a jí, a gbọ́ pé epo tó jẹ́ ₦65 ti di ₦141; àwọn ènìyàn tú síta, àwọn òṣìṣẹ́ da iṣẹ́ sílẹ̀, ìjọba sì mú un wálẹ̀ sí ₦97. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2016 ó di ₦145. Àmọ́ ti ọdún 2023 yàtọ̀, nítorí pé kò dúró síbi tó fò dé. Ọ̀nà kan tí mo fi ń jẹ́ kó yé àwọn ọmọ kíláàsì mi ni pé kí a fi owó oṣù wọn ọ́n. Nígbà tí owó oṣù òṣìṣẹ́ tó kéré jù lọ jẹ́ ₦30,000, tí epo sì jẹ́ ₦185, owó oṣù kan lè ra lítà 162. Ní oṣù Keje ọdún 2024, wọ́n sọ owó oṣù náà di ₦70,000, inú wa sì dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di oṣù Kẹwàá ọdún kan náà, lítà kan ti di ₦998 ní àwọn ilé epo NNPC l'Ékòó, ₦1,030 l'Ábùjá, owó oṣù tuntun náà kò sì lè ra ju lítà 70 lọ. Àwọn ọmọ náà ṣe ìṣirò yìí fúnra wọn lójú pátákó, kò sì sí èyí tó pariwo nínú wọn nígbà tí wọ́n parí rẹ̀.

Kí ló dé tí epo fi wọ́n tó bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ tó ń wa epo rọ̀bì? Ọ̀rọ̀ dọ́là ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ilé ìfọpo ìjọba tó wà ní Port Harcourt, Warri àti Kàdúná kò fi ṣiṣẹ́ tó ní láárí, tó fi jẹ́ pé òkè òkun ni bẹntiróòlù wa ti ń wá. Nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ sì tú náírà sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan tó jẹ́ nǹkan bí ₦460 kọjá ₦1,500 kí ọdún 2024 tó parí. Ilé ìfọpo Dangote ní Lẹ́kí, tí wọ́n kọ́ láti máa fọ 650,000 àgbá epo rọ̀bì lóòjọ́, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé bẹntiróòlù jáde ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, ní oṣù Kejì ọdún 2025 ó sì sọ iye tó ń tà á ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kalẹ̀ sí ₦825. Ìyẹn dùn mọ́ wa. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà Lẹ́kí kọ́ ni àwa ti ń rà á.

Ibi tí mo ń gbé ló jẹ́ kí n lóye apá yìí dáadáa. Ibùdó tí NNPC ń kó epo sí ní Apáta kò jìnnà sí ilé mi. Páìpù ni wọ́n kọ́ fún ibùdó náà: epo yóò gbéra láti Atlas Cove l'Ékòó, yóò gba Mosimi lẹ́bàá Ṣágámù, yóò dé Ìbàdàn, yóò sì tẹ̀síwájú lọ sí Ìlọrin. Àwọn tó ń bẹ́ páìpù jí epo kò jẹ́ kí ètò yìí rí bí wọ́n ṣe là á sílẹ̀. Bí epo kò bá sì gba inú páìpù, ọkọ̀ agbépo ni yóò gbé e, agbépo ní awakọ̀, ó ní táyà, ó ń mu dísù, ó ń bà jẹ́ lójú ọ̀nà, orí lítà tí èmi àti ẹ̀yin ń rà ni gbogbo owó wọ̀nyí sì ń gùn. Ìdí nìyí tí epo fi máa ń wọ́n sí i bí a bá ṣe ń jìnnà sí etí òkun. Ní ẹ̀gbẹ́ ibodè, ọ̀rọ̀ náà tún gba ọ̀nà mìíràn yọ. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó ń gbé ní Ìdíròkò rántí oṣù Kọkànlá ọdún 2019 dáadáa, nígbà tí ìjọba ní kí wọ́n má gbé epo lọ sí ilé epo èyíkéyìí tó bá wà láàárín 20 kìlómítà sí ibodè, nítorí àwọn tó ń kó o lọ sí ilẹ̀ Benin láti tà á nínú ìgò lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, èyí tí wọ́n ń pè ní kpayo. Àwọn ọlọ́kadà Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) tó ń lo kpayo mọ̀ lára láàárín ọjọ́ díẹ̀ nígbà tí Nàìjíríà yọ owó ìrànwọ́ ní 2023. Epo tó wọ́n l'Ábùjá kì í ṣẹ́kù sí Nàìjíríà nìkan.

Nǹkan wọ̀nyí kò sí lọ́wọ́ mi. Ohun tó wà lọ́wọ́ mi ni ìbéèrè kan ṣoṣo: lítà kan tí mo bá rà, ibo ló lè gbé mi dé? Ọ̀nà tí a fi ń mọ̀ ọ́n kò le. Ẹ kún táńkì yín dẹ́nu, ẹ kọ iye kìlómítà sílẹ̀. Ẹ máa rìn bí ẹ ṣe ń rìn. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ rà míì, ẹ padà sí ilé epo kan náà, ẹ kún un dẹ́nu lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ wo iye lítà tó wọlé, ẹ fi pín iye kìlómítà tí ẹ ti rìn. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ẹ̀ẹ̀kan péré. Ẹ ṣe é bí ẹ̀ẹ̀mẹrin. Tèmi fi hàn pé kìlómítà 8 ni mo ń rìn lórí lítà kan. Mo ti rò pé 11 tàbí 12 ni.

Ẹni tó tú àṣírí náà fún mi kì í ṣe mẹkáníìkì tí mo ti ń lò láti ọjọ́ pípẹ́. Ọmọkùnrin kan ni, n kò rò pé ó tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe lábẹ́ igi máńgòrò kan ní ọ̀nà Ring Road. Iná ẹnjíìnì tó tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ki ẹ̀rọ ayẹ̀wò rẹ̀ bọ abẹ́ ibi tí a ti ń darí ọkọ̀, a jọ wa ọkọ̀ náà dé Challenge, a sì padà. Lẹ́yìn náà ló yí ojú ẹ̀rọ náà sí mi. Ó ní, “Mọ́mì, ẹ wo nọ́ńbà yìí. 64 ni. Ẹnjíìnì yín ò tíì jí láti àárọ̀.”

Mo ní kó yé mi. Ó ní nínú ẹnjíìnì, ohun kékeré kan wà tó ń jẹ́ tọmosítáàtì, bí ilẹ̀kùn ló rí: nígbà tí ẹnjíìnì bá tutù, yóò ti ọ̀nà mọ́ omi redíétọ̀ kí ẹnjíìnì lè tètè gbóná; nígbà tí ooru náà bá tó nǹkan bí 82 lórí òṣùwọ̀n Celsius, yóò ṣí i. Nínú ọkọ̀ tèmi, ihò lásán ló wà níbẹ̀. Ní ọdún mélòó kan ṣáájú, mẹkáníìkì kan ti yọ ọ́ dànù, ó ní ilẹ̀ wa gbóná, àwọn òyìnbó tí òjò dídì ń rọ̀ lé lórí ló nílò rẹ̀. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń ṣe mí lóore, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹnjíìnì ń rò pé ọkọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ jí láàárọ̀ ni, epo tó pọ̀ ju bó ṣe yẹ ló sì ń dà sí i, bí ìyá tó ń da aṣọ bo ọmọ tí òtútù kò mú. Ọkọ̀ náà kò gbóná jù, kò dákú lójú ọ̀nà, kò ṣe ohunkóhun tó lè mú mi fura. Epo nìkan ló ń mu.

Tọmosítáàtì tuntun tí a fi sí i kò tó owó lítà mẹ́wàá epo. Ọmọkùnrin náà tún pààrọ̀ plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó fọ ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé, ó sì ní kí n má gba ọ́ìlì tó nípọn tí wọ́n máa ń tà fún gbogbo ayé mọ́, nítorí pé 5W-30 ni ìwé ọkọ̀ náà sọ pé kí n lò. Láàárín oṣù kan, ìwé mi fi hàn pé mo ti ń rin kìlómítà 10 lórí lítà kan. 240 kìlómítà tó ń gba lítà 30 di lítà 24. Mo tún un ṣírò lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gbà á gbọ́. Mo bẹ yín, ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ wo ọwọ́ gééjì ooru ọkọ̀ yín lónìí. Bí kì í bá sún dé àárín lẹ́yìn tí ẹ ti rìn fún ogún ìṣẹ́jú, ẹ béèrè bóyá tọmosítáàtì yín wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ táyà kò tó bí àwọn ènìyàn ṣe ń gbé e tó. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ lọ sílẹ̀ ń jẹ epo lóòótọ́, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni. Kíkú tí táyà fúnra rẹ̀ máa ń tètè kú ni àdánù tó tóbi níbẹ̀. Ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tó yẹ wà lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn awakọ̀. Òun ni kí ẹ kà fún fọkanáísà, kí ẹ sì lọ ní òwúrọ̀ kí táyà tó gbóná.

Ìwé kíkọ ló tún jẹ́ kí n mọ ilé epo tó ń rẹ́ ènìyàn jẹ. Ní ọjọ́ Sátidé kan, mo kún táńkì mi ní ilé epo kan tí n kò dé rí. Táńkì Corolla ọdún 2005 tèmi, lítà 50 ló ń gbà. Epo ṣì kù nínú rẹ̀ nígbà tí mo dé ibẹ̀, ó lé ní ìdá mẹ́rin táńkì. Ojú mítà ń sáré, mo ń wò ó, ó kọjá 40, ó kọjá 45, ó dúró ní 47. Mo rọra bi ọmọbìnrin tó ń ta epo pé ibo ni lítà mẹ́sàn-án, ó kéré tán, gbà. Ó wo ilẹ̀, ó ní, “Ẹ má bínú, mà, èmi kọ́ ni mo ni mítà.” Òótọ́ ló sọ, n kò sì lè bá a jà. Iye tí wọ́n kọ sára pátákó ilé epo yẹn kéré ju ti gbogbo àwọn tó yí i ká lọ. Láti ọjọ́ náà, n kì í wo pátákó nìkan mọ́. Kìlómítà tí mo rìn lórí epo tí mo rà níbẹ̀ ni mo fi ń dá ilé epo lẹ́jọ́. Àwọn tó ń ṣọ́ iṣẹ́ yìí fún ìjọba, NMDPRA, ní ẹ̀tọ́ láti fi agolo òṣùwọ̀n yẹ mítà wò kí wọ́n sì ti ilé epo tó bá ń yànjẹ pa. Mo fẹ́ kí wọ́n máa ṣe é lemọ́lemọ́, kí wọ́n má dúró de ìgbà tí ariwo bá sọ.

Ìṣọ́wóná kan wà tó jẹ́ àdánù gan-an, mo sì kọ́ ọ lọ́nà tó dùn mí. Nígbà tí epo di ₦855 ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ra lítà mẹ́ta, lítà mẹ́rin, mo sì ń fi ọkọ̀ rìn pẹ̀lú iná pupa lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, mo rò pé mò ń ṣọ́ owó ná. Inú táńkì ni pọ́ǹpù tó ń fa epo lọ sí ẹnjíìnì wà, epo tó yí i ká ló sì ń tù ú lára. Láàárín oṣù méjì, tèmi jó. Owó tí mo fi ra òmíràn lè ra epo ọ̀sẹ̀ méjì. Bí agbára bá ṣe mọ, ẹ jẹ́ kí epo tó tó ìdá mẹ́rin táńkì máa wà níbẹ̀. Ẹ má sì tìtorí ìyẹn máa fi kẹ́ẹ̀gì tọ́jú epo sínú ilé. Owó tí ẹ fẹ́ gbà padà kò tó iná kan ṣoṣo.

Àwọn awakọ̀ Micra wa n'Ìbàdàn ní ọgbọ́n tiwọn. Ìlú olókè ni ìlú wa, bí wọ́n bá sì ti dé orí òkè, wọ́n á yọ jíà, àwọn mìíràn á tilẹ̀ paná ọkọ̀, kó máa yí lọ fúnra rẹ̀. Mo ti jókòó lẹ́yìn nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tí à ń sọ̀ kalẹ̀ láti Òkè-Àrẹ̀mọ, èrò mẹ́rin lẹ́yìn, méjì níwájú, gbogbo wa sì dákẹ́. Agbára ẹnjíìnì ló ń ran ẹsẹ̀ awakọ̀ lọ́wọ́ láti tẹ bíréèkì. Bí iná bá ti kú, ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì ni yóò tẹ̀ ẹ́ kí ó tó le gbagidi. Ọkọ̀ tí kò lo kábúrétọ̀, tó ń fi kọ̀ǹpútà pín epo, kò tilẹ̀ nílò yíyọ jíà: bí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná nígbà tí ọkọ̀ wà nínú jíà lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, òun fúnra rẹ̀ máa ń dá epo dúró. Bí ẹ bá yọ jíà, yóò tún máa jó epo kí ẹnjíìnì má bàa kú. Ewu tí kò lérè kankan nìyẹn. N kò bínú sí àwọn awakọ̀ náà, mo mọ ohun tí wọ́n ń lé, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹnì kan sọ fún wọn ní gáréèjì.

Ohun tí a lè ṣe pẹ̀lú ẹsẹ̀ wa wà. Mo dán an wò ní ọ̀nà márosẹ̀ Ìbàdàn sí Èkó: ní ìrìn-àjò kan mo sá 120, ní òmíràn mo rọra rìn ní 90. Lítà kan gbé mi rin kìlómítà 10 àti ààbọ̀ nínú ti àkọ́kọ́, ó gbé mi rin 13 àti ààbọ̀ nínú ti ẹlẹ́ẹ̀kejì. Afẹ́fẹ́ ló fà á. Bí eré bá kúrò ní 80 tó di 120, agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń ti ọkọ̀ sẹ́yìn á ju ìlọ́po méjì lọ. Lórí ọgọ́rùn-ún kìlómítà, eré àsáfẹ́ẹ̀ẹ́kú náà kò fún mi ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún lọ, ó sì ju 100 tí òfin gbà láàyè lọ. Nínú ìlú, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ló ń jẹ epo jù. Ọkọ̀ bíi tèmi tó dúró gbagidi pẹ̀lú ẹ̀rọ amúlétutù lè jó nǹkan bí lítà kan ní wákàtí kan láìsún kúrò lójú kan, nítorí náà, bí mo bá rí i pé a kò ní sún láìpẹ́, mo máa ń paná.

Síbẹ̀, nígbà tí mo ṣírò ohun tó wà nínú ìwé náà fún ọdún kan gbáko, inú ẹnjíìnì kọ́ ni àǹfààní tó tóbi jù lọ ti wá. Àwọn olùkọ́ méjì mìíràn ń ti ẹ̀gbẹ́ Apáta wá sí ilé ẹ̀kọ́ wa, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ń wa ọkọ̀ mẹ́ta lójoojúmọ́, ẹnì kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí à ń ṣẹ́wọ́ sí ara wa nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025, a pinnu láti máa wọ ọkọ̀ kan ṣoṣo, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan máa fi ọkọ̀ tirẹ̀ gbé wa ní ọ̀sẹ̀ tó bá kàn án. Iṣẹ́ nìkan ń gba lítà 15 lọ́wọ́ mi lọ́sẹ̀, lítà 45 ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ní báyìí, lítà 15 ni mo ń lò ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà. Tọmosítáàtì dá lítà mẹ́fà padà fún mi lọ́sẹ̀, àwọn ará iṣẹ́ mi dá mẹ́wàá padà. Àwọn kan ń sọ ọkọ̀ wọn di èyí tó ń lo gáàsì CNG, ọ̀nà tó dára ni fún ẹni tó ń fi ọkọ̀ ṣiṣẹ́ jẹun, bí ibi tí wọ́n ti ń ta gáàsì bá súnmọ́ ọn. Àmọ́ èmi ń ro ti àwọn tí kò ní ọkọ̀ rárá, akẹ́kọ̀ọ́ mi tó ń fi ẹsẹ̀ rìn láti Bẹẹrẹ nítorí owó ọkọ̀, tí kò ní lítà kankan tó lè ṣọ́ ná. Bọ́ọ̀sì ńlá tó ń lọ déédéé, tó ń gbé ogójì ènìyàn lórí epo tí ọkọ̀ díẹ̀ ń jó, ni irú rẹ̀ nílò, ìjọba ló sì yẹ kó pèsè rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló kàn mí láti wakọ̀. Olùkọ́ ìṣirò kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí ilé ẹ̀kọ́ wa ń gbé ní Odò-Ọnà, ó sì béèrè bóyá àyè wà. Mo ti sọ fún un pé kó dúró síwájú ilé epo tó wà ní ìkòríta, pé agogo mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni a óò gbé e.